Ẹ wá sọ software ọ̀fẹ́ tó gbà yín sílẹ̀, ìrírí tèmi nìyí

Atẹ̀wé Ajílòṣun:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ajílòṣun l'Ádó níbí, fótókópì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ la ń tẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, Word tí wọ́n kíráàkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi ló bá mi fi sí i, mi ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà yẹn pé wọ́n ń sanwó fún un. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè key, ni mo bá lọ wá kíráàkì míì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ètò ìsìnkú ìyá arúgbó kan wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé 24, àìsùn di ọ̀la, mo tan kọ̀ǹpútà báyìí, gbogbo fáìlì mi ti yí orúkọ padà, ẹyọ kan ò ṣí. Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo ẹ̀. Mo jókòó bí ẹni tí wọ́n jí àgbò Iléyá ẹ̀ gbé.

Ọmọkùnrin tó bá mi tún ẹ̀rọ náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi LibreOffice sí i, software ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ ìwé bíi ti Word. Èmi àti ìyàwó mi jókòó, ó ń kà, mò ń tẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké, a parí ẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Láti ọjọ́ náà mi ò padà sẹ́yìn mọ́.

Àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe OpenOffice, software ọ̀fẹ́ míì bíi tiẹ̀, ló yapa ní 2010 tí wọ́n fi dá LibreOffice sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó o wà ní Jámánì. Kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wò ó, lè tún un ṣe, o lè dà á kọ fún ará ilé kejì kó má di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ lọ́rùn. Kò sí pé ọdún ti pé wá sanwó. Èmi ò tiẹ̀ sọ pé torí owó nìkan, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí nǹkan tí mo fi ń jẹun má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́.

Ó ní wàhálà tiẹ̀ náà o. Oníbàárà á gbé fáìlì Word wá, tí mo bá ṣí i, fọ́tò ti sún, orúkọ olóògbé ti já sí ojú ewé kejì, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ bí àwọn ẹbí ṣe máa ń ṣe. Mo wá rí i pé fóǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ló sábà máa ń fà á. LibreOffice gbé Carlito àti Liberation wá, ìwọ̀n lẹ́tà wọn bá Calibri àti Times New Roman mu, ìyẹn ò ní jẹ́ kí ìlà sún, ṣùgbọ́n àwọn fóǹtì oge tí wọ́n fi ń kọ "Ó dàbọ̀ Màmá" yẹn, tí o ò bá ní i lórí ẹ̀rọ ẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti ń sọ fún wọn báyìí pé kí wọ́n fi PDF ránṣẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ, àmì ohùn. Tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n tẹ orin Yorùbá, màá tẹ̀ ẹ́ gbuurugbu láìsí àmì, tó bá jáde tán màá wá fi bírò tọ àmì sábẹ́ ẹ àti ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Keyman ló gbà mí, ọ̀fẹ́ lòun náà, kíbọọ̀dù Yorùbá wà níbẹ̀. Ibi tó tún kù ni pé fóǹtì míì wà, tó bá ti kan ẹ́ tàbí ọ̀, àmì òkè á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí. Charis SIL àti Gentium kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ni mò ń lò. Lọ́jọ́ kan opó kan gba ìwé ètò ìsìnkú ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tẹjú mọ́ orúkọ títí, ó ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti kọ orúkọ bàbá yìí bó ṣe yẹ.

Ó yá, tiyín ńkọ́?

Tíṣà Ìkọ̀lé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira ọjọ́ yẹn. VLC tí wọ́n fi ń wo fídíò ni tèmi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Bàọ́lọ́jì, lọ́wọ́ àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ti máa ń gba fídíò, MKV, AVI, FLV ayé Nóà, player tó bá lápútọ́ọ̀pù wá á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, VLC á kàn máa gbé e lọ ni, ohun gbogbo tó fẹ́ fi kà á wà nínú ara ẹ̀. Ọmọ tó lé ní ọgọ́ta, lápútọ́ọ̀pù kan, kò sí spíkà! Màá fa ohùn ẹ̀ kọjá 100 dé 125, àwọn ará ẹ̀yìn á gbọ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn á ti máa ha. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga kan ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1996, mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ọmọ kan ní "Sà, ọmọ ilé ìwé ló ṣe é? Kí wá làwa ń ṣe?" Mi ò rí èsì fún un. Àwòrán kóònù ojú títì tó wà lára ẹ̀ yẹn, fìlà ni wọ́n ń pè é. "Sà, ẹ tẹ fìlà."

Ìyá Ìbejì, Ìjerò:

Audacity o, èyí tí wọ́n fi ń tún ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe. Ìyá tó bí màmá mi ló mọ oríkì ilé wa dé gbòǹgbò, ẹnu Èkìtì pọ́ńbélé, ulé ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ilé. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló kún inú ẹ̀, gùùùù. Àbúrò ọkọ mi ló júwe Audacity fún mi. Mo wá ibi tí Ìyá ti dákẹ́ mu omi, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń dún níbẹ̀, mo yan ibẹ̀, mo lọ sí Noise Reduction, mo ní kó mọ ariwo yẹn dáadáa, lẹ́yìn náà mo yan gbogbo ẹ̀ mo ní kó yọ ọ́ kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ mo fà á jù, ohùn Ìyá dà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Mo dá a padà, mo dín in kù, ó wá kù díẹ̀ lẹ́yìn ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ yọ. Ìyá ti sùn báyìí, àwọn ìbejì mi ò bá wọn láyé, ohùn yẹn ni wọ́n mọ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà. Ẹ̀yin àgbà, ẹnìkan ò dárúkọ Linux, èyí tí wọ́n ń fi sípò Windows? Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni tèmi, RAM 4GB, tí mo bá tan Windows 10 lórí ẹ̀ màá lọ pọn omi, màá dé, á ṣì máa yí. Nígbà tí Microsoft ní àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní October 14, 2025, tí Windows 11 sì ní ẹ̀rọ mi ò tó òun gbé, mo fi dátà òru gbé Linux Mint, èyí tó ní Xfce tí kò wúwo lórí ẹ̀rọ, mo fi Rufus kọ ọ́ sórí fláàṣì. O lè tan án láti orí fláàṣì yẹn kó o kọ́kọ́ wò ó dáadáa kó o tó fi sí ẹ̀rọ. Ṣé mo wò ó? Mo fi ìgbóyà tẹ "Erase disk", Chapter 3 project mi bá a lọ ráúráú. Wi-Fi náà kọ̀, ọjọ́ méjì ni mo fi ń jà kí n tó mọ̀ pé mo lè fi okùn so fóònù mọ́ ọn, mo bá fi dátà fóònù wọlé, Driver Manager ló bá mi wá dráífà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọ́ yẹn ti ń sáré báyìí, omi tí mo máa ń lọ pọn, mi ò ráyè pọn ọ́n mọ́.

Ẹni tó ń ya àwòrán, Ìkẹ́rẹ́:

Èmi ò bá yín pariwo o. GIMP tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe ti sú mi. Mo ṣe pósítà kan lórí ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú l'Ékòó, wọ́n ní CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ni àwọn fẹ́, búlúù tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà sì jáde bí aró tó ti kú. Ọ̀fẹ́ tó ń náni lówó.

Atẹ̀wé Ajílòṣun:

Ọ̀gá mi, mo gbà fún yín, ibi tí GIMP ò ti lágbára nìyẹn. Fọ́tò nìkan ni kẹ́ ẹ fi GIMP ṣe, ẹ wá lọ to pósítà yẹn nínú Scribus, ọ̀fẹ́ ni, ó mọ CMYK, PDF tí wọ́n fẹ́ ní Ṣómólú ló máa yọ jáde. Ó le kọ́ díẹ̀ o, kó tó yé mi mo bú u gan-an.

Ọlọ́kadà Ẹ̀fọ̀n:

Organic Maps lórí fóònù. Kò gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ ẹ bá ti mọ àwọn òkè ibí yìí ẹ mọ ohun tí mò ń wí. OpenStreetMap ló ti ń mú máàpù ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi nǹkan kún un, èmi fúnra mi ti fi búkà oníyán ibi tí a ti ń jẹun sí i.

Atẹ̀wé Ajílòṣun:

Hahaha, ọmọ Èkìtì gidi. Ẹ ò fi ilé ìwòsàn síbẹ̀, ó di búkà. Àbúrò Ọ̀yẹ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, gbé fláàṣì ẹ bọ̀ ní Sátidé, iyán á wà.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:

Màá wá, Sà. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí ẹ̀ kí n tó dé.