Gbèdéke kì í ṣe ìdúródojú: lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún iye àwòrán nínú géèmù kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí dábàá pé kí a pe “frame rate cap”, ààtò tí ń fi òpin sí iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ní “ìdínkù àwòrán”, kí a sì pe V-Sync (“vertical sync”), ààtò tí ń mú kí àwòrán tuntun dúró de ojú kọ̀ǹpútà, ní “ìṣọ̀kan olóòró”. Àbúrò wa kan fèsì pé òun kò rí ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé èyíkéyìí tí òun bá tàn nínú wọn, nọ́ńbà iye àwòrán tí òun ń rí ní igun ojú kọ̀ǹpútà kì í kọjá 60 mọ́, kí “ìdínkù” kúkú dúró fún àwọn méjèèjì. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ àwọn àbá wọ̀nyí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí pé bí a bá fún ohun méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣì í lọ́nà.

Kí a tó sọ orúkọ, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́. Ohun méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí géèmù bá ń lọ, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní aago tirẹ̀. Káàdì àwòrán, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà, ń ya àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn, bí iṣẹ́ inú àwòrán náà bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀: ó lè ya 90 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan níbi tí ògiri lásán wà, kí ó má sì lè ya ju 50 lọ nígbà tí iná àti èéfín bá bo ojú ìjà. Ojú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò bìkítà fún ìyẹn. Èyí tí a ṣe ní 60 Hz ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, láti ìlà tí ó wà lókè pátápátá títí dé ìlà ìsàlẹ̀, ó sì ń lo mìlísẹ́kọ́ńdì 16.7 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ṣe ní 144 Hz ń lo nǹkan bíi 6.9. Iye ti káàdì ni mo ń pè ní “iye àwòrán”, iye ti ojú kọ̀ǹpútà ni mo sì ń pè ní “iye ìtúnyà”. Àwọn kan fẹ́ “férémù” fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. N kò ní bá wọn jà, àmọ́ férémù tí gbogbo wa mọ̀ ni igi tàbí irin tí a fi ń ká fọ́tò mọ́, ohun tí ó yí àwòrán ká, kì í ṣe àwòrán fúnra rẹ̀.

Nígbà tí aago méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ fún lórúkọ kí a tó lè sọ ohun tí V-Sync wá ṣe. Ẹ dúró níwájú òpó gíga kan nínú géèmù, kí ẹ sì fi máòsì yíjú sí òsì kíákíá. Òpó náà yóò máa sá lọ sí ọ̀tún. Lójijì ẹ ó rí i pé ó pín sí méjì ní agbede: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ṣí sí ọ̀tún tó ìwọ̀n ìka kan, orí rẹ̀ sì wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ojú kọ̀ǹpútà ti ya àwòrán àtijọ́ dé ìdajì kí káàdì tó gbé tuntun dé, ibi tí ó dé náà ni ó sì ti mú tuntun, tí ó ń yà á lọ sí ìsàlẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ti aṣọ tí ó ya wé e, àwa náà sì ti ń tẹ̀lé wọn pè é ní “yíya”. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, fún ìdí méjì. Èkíní, ohun tí ó bá ya máa ń ní àlàfo, a sì lè ti ibẹ̀ rí òdìkejì rẹ̀. Kò sí àlàfo nínú àwòrán yìí. Apá méjì ni ó so mọ́ra tí ìsokọ́ra wọn kò sì gún. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn tipẹ́, òun ni “yẹ̀”. Eegun tí ó kúrò ní oríkèé rẹ̀ ni a ń sọ pé ó yẹ̀: awọ kò ya, ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ṣùgbọ́n ohun méjì tí a dá láti kojú ara wọn kò kojú ara wọn mọ́.

Ìdí kejì jẹ́ ti ìkọ̀wé. “Yà” ni ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì ń di ti àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, tí a fi ń kọ “ya àwòrán”. Bí “ya” ti aṣọ bá tún wọlé sí àárín wọn, gbólóhùn bíi “àwòrán tí káàdì yà ya” ni a ó máa kọ, ẹni tí ó sì ń kà á níbi tí wọn kò ti fi àmì ohùn sí i yóò rí “ya ya”, kò ní mọ èyí tí í ṣe kíkùn àti èyí tí í ṣe ìbàjẹ́. Mo gbà pé “yẹ̀” náà ní “yẹ” tí ó jọ ọ́ nígbà tí kò bá sí àmì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í sábà pàdé nínú ọ̀rọ̀ géèmù. Nítorí náà, “àwòrán ń yẹ̀” ni èmi yóò máa kọ.

Ní báyìí a lè dé orí V-Sync. “Ìṣọ̀kan olóòró” jẹ́ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni “òòró” inú rẹ̀ ti pàdánù ìdí tí ó fi wà níbẹ̀, àní nínú èdè tí ó ti wá. Nínú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ó yọ ikùn sẹ́yìn, ìtànṣán ni ó ń ya ìlà láti òsì sí ọ̀tún, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀. Àmì kan ń sọ fún un pé kí ó padà sí òsì, àmì kejì sì ń sọ fún un pé kí ó padà sókè. Ti ìbú ni wọ́n pe àkọ́kọ́, ti òòró ni wọ́n pe èkejì, àsìkò kúkúrú tí ìtànṣán náà sì fi ń gòkè padà láìya ohunkóhun ni àsìkò tí a lè pààrọ̀ àwòrán láìjẹ́ pé ó yẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ òde òní kò ní irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń gba àwòrán láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì ń sinmi díẹ̀ kí ó tó gba òmíràn. Gbogbo ohun tí V-Sync ń ṣe kò ju pé ó ń mú kí àwòrán tuntun dúró de àsìkò ìsinmi yẹn. Kò so ohunkóhun pọ̀ di ọ̀kan. Ẹnì kan ni ó ń dúró de ẹnì kejì, kí ni òòró wá ń ṣe níbẹ̀ fún ẹni tí kò rí tẹlifíṣọ̀n oníkùn rí?

Mo ti kọ́kọ́ ronú sí “ìbójúmu”, nítorí pé ó dùn ún pè, ó sì sọ pé àwòrán bá ojú kọ̀ǹpútà mu. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé “ohun tí ó bójú mu” ti jẹ́ ohun tí ó tọ́ tí ó sì yẹ ọmọlúàbí lẹ́nu gbogbo wa, ẹni tí ó bá sì kà pé “ìbójúmu” wà ní pípa nínú géèmù kan lè rò pé ìwà inú géèmù náà ni a ń sọ. “Ìdúródojú” ni mo fi rọ́pò rẹ̀: ìdúró de ojú. Ó sọ ẹni tí ń dúró, ó sọ ohun tí ó ń dúró dè, kò sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn du àyè.

Ní ti “ìdínkù”, mo ní ẹ̀rí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbá géèmù kan tí káàdì rẹ̀ ń pariwo nígbà tí kò tíì kúrò lójú-ewé àkọ́kọ́, níbi tí kò sí ohunkóhun tí ń rìn. Àwòrán kan náà ni káàdì ń ya ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, tí fáànù rẹ̀ fi ń ké. Mo ní kí ó tan ìdínkù àwòrán. Ó ní, “Bùọ̀dá, èyí tí mo ní gan-an kò tó mi nígbà tí ìjà bá le, kí ló dé tí màá tún fi dín in kù?” Ọ̀rọ̀ tí mo lò ni ó tàn án jẹ. Bí a bá fi 60 sí i tí káàdì kò sì lè ya ju 45 lọ, kò sí ohun kan tí ó dín; bí ó bá lè ya 300, 60 ni yóò ti dúró. Ọ̀rọ̀ tí a ní fún ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá, yálà a dé ibẹ̀ tàbí a kò dé ibẹ̀, ni “gbèdéke”. A ń fún ènìyàn ní gbèdéke ọjọ́ méje láti san gbèsè, ẹni tí ó sì san án lọ́jọ́ kẹta kò tàpá sí i. Nígbà tí mo pè é ní gbèdéke, ọmọ náà fi 60 sí i, fáànù sì rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àbá àbúrò wa, nítorí òótọ́ ni pé nọ́ńbà tí ó rí lè jọra. Kí ó pa ìdúródojú, kí ó fi gbèdéke sí 60 lórí ojú kọ̀ǹpútà tí iye ìtúnyà rẹ̀ jẹ́ 60 Hz, kí ó sì yíjú níwájú òpó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Òpó náà yóò ṣì yẹ̀. Ibi tí ó ti yẹ̀ lè máa fà díẹ̀díẹ̀ lọ sókè tàbí sí ìsàlẹ̀ bí aláǹgbá tí ń rìn lára ògiri, nítorí pé aago géèmù àti aago ojú kọ̀ǹpútà kì í dọ́gba tán, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ jọra. Gbèdéke ń wo aago tirẹ̀ nìkan: bí káàdì bá parí kí àkókò àwòrán náà tó pé, ó ní kí ó sinmi. Kò mọ ìlà tí ojú kọ̀ǹpútà wà.

Ìdúródojú pẹ̀lú ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, tí gbèdéke kò ń gbà. Àwòrán tí ó ti parí ń tò sílẹ̀ de àsìkò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọwọ́ ṣe lórí máòsì ń pẹ́ kí ojú tó rí i. Mo pe èyí ní “ìpẹ́dáhùn”. Tí ó bá sì jẹ́ pé pátákó méjì péré (ìyẹn àyè tí a ń tọ́jú àwòrán sí, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “buffer”) ni káàdì ń lò, ọ̀kan tí ojú kọ̀ǹpútà ń kà àti ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ ń yà sí, àwòrán tí ó gba mìlísẹ́kọ́ńdì 18 ti pàdánù àsìkò 16.7, kò sì ní jáde títí di 33.3. Bí gbogbo àwòrán bá gba iye yẹn, géèmù yóò já láti 60 sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àwọn kan bá yá tí àwọn kan sì pẹ́, ó ń kólòlò. Pátákó kẹta ń dín ìyà yìí kù, nítorí pé káàdì rí ibi tí yóò máa ya nǹkan sí nígbà tí ó ń dúró. “Fífà” ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ń fà ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, akólòlò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú kí n dúró ti “ìdúródojú” jù lọ ni pé ó bí ọ̀rọ̀ mìíràn láìsí wàhálà. Ní 2013 ni NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe káàdì àwòrán, kéde G-Sync, ní 2014 ni VESA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún ojú kọ̀ǹpútà, fi Adaptive-Sync sínú DisplayPort 1.2a, ìlànà okùn tí ń gbé àwòrán lọ sí ojú kọ̀ǹpútà, èyí tí AMD, ilé-iṣẹ́ káàdì mìíràn, ń lò lábẹ́ orúkọ FreeSync. Nínú gbogbo wọn, ojú kọ̀ǹpútà ni ó wá ń dúró de káàdì: bí àwòrán bá ti dé ni yóò yà á, kò ní í yẹ̀, kò sì ní í pẹ́ dáhùn bí ti àtẹ̀yìnwá. “Ìdúródekáàdì” ni yóò máa jẹ́. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí ojú kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní 144 Hz kò lè yára ju 144 lọ, bí káàdì bá sì kọjá ibẹ̀, yíyẹ̀ ni àwòrán yóò máa yẹ̀ tàbí kí a padà sí ìdúródojú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fi gbèdéke sí nǹkan bíi 141. Ẹ wo gbólóhùn náà bí a bá tẹ̀lé àbá àbúrò wa: “Tan ìdínkù kí ìdínkù má baà wọlé.” Ẹ wá wò ó bí mo ṣe ń wí: “Fi gbèdéke sí 141, kí ìdúródekáàdì má baà di ìdúródojú.”

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí V-Sync dúró bí ó ṣe wà lójú-ewé ààtò, nítorí pé òun ni ẹni tí ń gbá géèmù yóò fi wá a, èmi náà fara mọ́ ọn. Àlàyé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tí ó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni bóyá kí a kọ “ìdúródekáàdì” pọ̀ ní ẹyọ kan, tàbí kí “káàdì” dá dúró níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò.