"Àjù" kọ́ ni taller

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ìwé tí alàgbà wa kọ lánàá, lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún ìpele mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì ń ní (positive, comparative, superlative), pé kí á máa pe tall ní ìpele ìpìlẹ̀, taller ní ìpele àjù, tallest ní ìpele àjùlọ. Ìpìlẹ̀ kò ní wàhálà. Àjù yẹn ni n kò lè gbé mì.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ó ga jù": ó ti kọjá bó ṣe yẹ, àléébù ni. "Ó ga jù mí lọ": èmi àti òun ni a jọ gbé sórí ìwọ̀n. "Ó ga jù lọ": kò sẹ́ni tó bá a dọ́gba mọ́. Ẹ wá wo àwọn tí wọn yóò jọ máa jẹ́ ọmọ ìyá: àṣejù, àjẹjù, àmujù. Èwo nínú wọn la fi ń yin ènìyàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ "ìpele àjù" yóò rò pé taller ṣẹ̀ ni.

Wọ́n lè ní a máa ń sọ pé "èyí ló dára jù" láìfi lọ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n best nìyẹn, kì í ṣe better! Bí a bá wá ní "èyí ló dára jù nínú méjèèjì" ńkọ́? Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ka iye: bí wọ́n bá jẹ́ méjì, taller, bí wọ́n bá pé mẹ́ta, tallest. Jù tiwa kì í ka iye. Ohun tí a fi wé, tó jókòó sáàárín jù àti lọ, ló dúró fún ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀lé than. Yọ ọ́ kúrò, ìfiwéra ti bọ́.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ "ga jù igi lọ". Ohùn jù ń di àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ: "ga ju igi lọ". Ó ti sú mi láti máa tún un kọ.)

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kì í pè é ní àjù. Wọ́n á ní, "Fi méjì wéra ná, kí o tó fi ọ̀kan jọba." Ẹni tó bá kọ more taller, wọ́n á ní ó dé fìlà méjì lórí kan ṣoṣo: more fìlà, -er náà fìlà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mú ìpele ìfiwéra fún taller, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ni láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ má sọ ọ́ di àfiwé o. Àwọn onílítíréṣọ̀ ti gba ìyẹn fún àfiwé tààrà (simile), ì- àti à- kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àjùlọ fún tallest, mo lè fara mọ́ ọn nítorí lọ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ìpele ìtayọ ló sàn ju àjùlọ lọ, kí lẹ fẹ́ ṣe sí worst? Kí ló ta yọ nínú èyí tó burú jù lọ?