Ààrò onígi nínú ilé gíláàsì: iná ń kú kílẹ̀ tó mọ́

Ìyá Aláta, Leeds
Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Ata rodo 14 ni mo ní nínú ilé gíláàsì, lórí ilẹ̀ tí káńsù yá mi. Inú ata tí mo rà lọ́jà ni mo ti yọ kóró tí mo fi gbìn wọ́n, ó di ọdún kejì tí wọ́n ti ń so, n ò sì fẹ́ kí òtútù pa wọ́n. Àbúrò mi tó ń ṣe wẹ́dà fi sílíńdà gáàsì àtijọ́ ṣe ààrò onígi fún mi, ó so páìpù èéfín mọ́ ọn. Aago 10 alẹ́ ni mo máa ń kó igi sí i kẹ́yìn kí n tó relé. Nígbà yẹn, inú ibẹ̀ á gbóná débi tí mo máa ń bọ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé láago 6 ìdájí, eérú tútù ni mò ń bá, tẹmómítà á ti já sí dígírì 3. Ewé wọn á rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Àwọn òdòdó tó kù náà ń já, pàápàá lára àwọn tó sún mọ́ ààrò jù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ààrò tó tóbi jù báyìí lọ ni kí n ṣe?

Bàbá Tètè, Kent
Rárá o, Màmá. Ààrò ńlá náà á kú lóru, igi lẹ óò kàn máa jó dànù. Omi ni kí ẹ fi tọ́jú ooru. Àgbá 200 lítà mẹ́ta ni mo kùn ní dúdú, mo rọ omi kún wọn, mo tò wọ́n yí ààrò mi ká láìjẹ́ kí wọ́n fara kàn án. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Bí mo bá fọwọ́ lé àgbá láàárọ̀, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ tún ta ọ̀rá alátẹ́gùn tí wọ́n fi ń wé ẹrù ẹlẹgẹ́ mọ́ gíláàsì nínú. Igi ńkọ́? Èyí tí wọ́n gé lọ́dún yìí ṣì tutù, omi ara rẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ máa gbẹ.

Wẹ́dà Peckham
Màmá, ọ̀rọ̀ òdòdó yẹn ló já mi láyà. Gáàsì ethylene wà nínú èéfín igi, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ máa ń já òdòdó dànù. Ààrò yín ń jò nìyẹn. Ibi tí èyí bá gbà jáde, carbon monoxide náà á gbà á jáde. Kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ẹ má dá iná yẹn mọ́ títí wẹ́dà ó fi dí ibi tó ń jò. Ẹ ra aago tó ń ké bí gáàsì náà bá wà. Bó bá sì jẹ́ páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò ni wọ́n lò, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́: bó bá gbóná jù, májèlé ni èéfín rẹ̀.

Ìyá Aláta, Leeds
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ Wẹ́dà ni mo ti dáná lánàá. Bí mo ṣe kà á tán ni mo padà lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí páìpù ti wọ sílíńdà: èéfín tín-ín-rín bí òwú ń yọ níbẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń jókòó sí fi tẹlifóònù pe ìyá mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo fi iná náà sílẹ̀ kó kú. Àbúrò mi ń bọ̀ ní Sátidé. Ata mẹ́fà ni mo rí gbé wọlé, wọ́n wà lójú fèrèsé yàrá ọmọ mi. Bàbá Tètè, àgbá tí wọ́n ti fi kó òróró rí ńkọ́, ṣé ó ṣeé lò?

Bàbá Tètè, Kent
Ó ṣeé lò dáadáa. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dé e.