Ìbọn ń dún, ọ̀rọ̀ ò jáde: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lórí síso DVD mọ́ receiver

Ará Mókọ́lá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú tèmi sílẹ̀, kí oníkálukú wá máa gbé tiẹ̀ bọ̀.

Mo ra receiver tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn látọ̀dọ̀ DVD tó sì ń pín in fún sípíkà. Ó ń gba sípíkà márùn-ún pẹ̀lú subwoofer (sípíkà ohùn tó rinlẹ̀), 5.1 tí wọ́n ń wí. Owó ọwọ́ mi ò ká gbogbo sípíkà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo bá ra ńlá méjì, mo ní ìyókù á máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. DVD ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, ìyá ìyàwó mi jókòó sórí àga, àwọn ọmọ tẹ́ ẹní, gúgúrú ti wà nílẹ̀, èmi ki orí bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tèmi ti tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ẹ̀yìn receiver, ihò ló bo gbogbo ẹ̀ bí afárá oyin. Ti DVD mọ níwọ̀n: yẹ́lò fún àwòrán, funfun fún ohùn òsì, pupa fún ohùn ọ̀tún. Àmọ́ mẹ́ta mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àwọ̀ ewé, búlúù, pupa. Pupa méjì lẹ́yìn ẹ̀rọ kan ṣoṣo! Pupa kejì yìí, àwòrán ló ń gbé, kò mọ nǹkan kan nípa ohùn. Òun ni mo fà wọ ihò ohùn. Sípíkà ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo.

Mo yọ ọ́. Mo rántí pé ẹni tó ta receiver fún mi ní ihò kan wà tí wọ́n kọ "coaxial" sí, pé wáyà kan péré níbẹ̀ á gbé ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òótọ́ ló sọ. Mo so ó, mo wọ setup DVD, mo yí "PCM" sí "Bitstream" (DVD mìíràn ń pè é ní "RAW"), kí DVD lè fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí receiver fúnra ẹ̀ tú u. Ni "Dolby Digital", orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi di ohùn fíìmù pọ̀, bá tàn lójú receiver. Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Mo ki fíìmù òyìnbó kan bọ̀ ọ́. Ìbọn dún, fèrèsé gbọ̀n, ajá àdúgbò ń gbó. Òjò inú fíìmù ń rọ̀ yàà, ilẹ̀kùn ń dún gbàà, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú ẹ̀ kàn ń la ẹnu ni, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Màámi, ìyá ìyàwó mi, wò ó títí. Wọ́n ní, "Ṣé odi ni gbogbo wọn ni?"

Mo tú wáyà, mo tún un so, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo fi aṣọ nu díìsìkì. Mo gbá DVD lórí (ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la máa ń gbá a). Gúgúrú tán, àwọn ọmọkùnrin sùn. Ọmọ mi obìnrin ló wáá mú rìmóòtù receiver, tó ń tẹ̀ ẹ́ kiri, ó ní, "Dádì, wọ́n kọ 'Center: Small' síbí. Èwo ni Center nínú méjì yìí?"

Kò sí Center nínú méjì. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sípíkà àárín ni àwọn tó ń ṣe fíìmù sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Èmi ò ní ọ̀kan, receiver ò sì mọ̀. Ó ṣáà ń da ọ̀rọ̀ sí ojú ihò tí wáyà kankan ò sí. Mo yí Center sí "None", ìyẹn pé kò sí, ọkùnrin inú fíìmù sì kígbe mọ́ wa lójijì. Màámi fò sókè. Receiver ti pín ohùn àárín fún ọ̀tún àti òsì dọ́gbadọ́gba, ó wá dà bí ẹni pé inú tẹlifíṣọ̀n gan-an ló ti ń jáde.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ká ní mo fi DVD sílẹ̀ sí PCM bó ṣe wà, òun fúnra ẹ̀ ni ì bá po ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di méjì, à bá ti wo fíìmù wa tán.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Tèmi, mo ní sípíkà márààrún. Bàbá àwọn ìbejì gun àkàbà, wọ́n kan méjì mọ́ ẹ̀yìn pálọ̀. Fíìmù Yorùbá la máa ń wò, èyí tó wà lórí VCD nígbà náà, part 1 sídì kan, part 2 sídì kan. A fi sí i, iwájú ń dún, ẹ̀yìn dákẹ́ lọ gbári. Mo palẹ̀ sípíkà ẹ̀yìn mọ́, mo gbé e lórí, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á. Mo pariwo níwájú ṣọ́ọ̀bù, èèyàn pé jọ.

Bàbá náà ò bá mi jà o. Wọ́n kàn so ó mọ́ DVD tiwọn, wọ́n fi díìsìkì mìíràn sí i, ó ń dún kíkankíkan. Wọ́n ní VCD tí mò ń lò, ohùn méjì péré ló wà nínú ẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ni sípíkà ẹ̀yìn fẹ́ sọ? Ìtìjú mú mi. Mo ra wáyà tí mi ò nílò kúrò lọ́wọ́ wọn kí n lè rí ojú kúrò níbẹ̀.

Wọ́n fi bọ́tìnnì kan hàn mí lórí receiver, Pro Logic II, tó máa ń fa ohùn márùn-ún yọ nínú méjì. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gángan dún lẹ́yìn ọrùn bàbá àwọn ìbejì níbi tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà, wọ́n ní kí n pa á. Stereo la ń lò títí dòní.

Ọmọ Peckham

Ti Lọ́ńdọ̀nù níbí, wáyà optical ló fi ojú mi rí nǹkan. Iná pupa kékeré ló máa ń gba inú ẹ̀ kọjá. Mo fi sí i, kò wọlé dáadáa. Mo tì í, ó wọlé, ohùn ò jáde. Mo tì í sí i. Ìdérí rọ́bà kékeré tó bo ẹnu wáyà ni mi ò yọ, ó mọ́ gaara débi pé ojú mi ò rí i. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu ihò receiver ti kán kí n tó mọ̀.

Nígbà tí mo wá ra Blu-ray, ẹ̀rọ díìsìkì tó dé lẹ́yìn DVD, mo gbà pé HDMI, wáyà kan tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, ti parí ẹjọ́. Àṣé receiver mi àtijọ́, àwòrán nìkan ló ń gbà kọjá nínú HDMI, kì í mú ohùn níbẹ̀ rárá. Mo padà sí optical, ìyẹn náà kì í gbé TrueHD, ohùn Blu-ray tó mọ́ ju Dolby Digital lọ; Dolby Digital lásán ni mo rí gbà. Mo gba kámú.

Oníná Abẹ́òkúta

Àbúrò, má bú optical o. Oníbàárà mi kan, receiver ẹ̀ ń kùn "hùùù" tọ̀sán-tòru. Mo pààrọ̀ wáyà pupa àti funfun, pàbó. Ìgbà tí mo yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dikóódà ló dákẹ́. Iná díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ara wáyà díìṣì tó lọ sórí òrùlé wọlé, tó ń yí po láàárín àwọn ẹ̀rọ. Mo fi optical rọ́pò wáyà ohùn láti dikóódà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé, kì í gbé iná, ìkùn náà sì lọ pátápátá.

Ọmọ Houston

Mo kí gbogbo yín. Èmi fi receiver ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú DVD àti gbogbo wáyà, mo tiẹ̀ lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan: "Bàbá, èyí ibí, èyí ọ̀hún." Mo kọ gbogbo ẹ̀ tán, mo gbàgbé ti iná. Ẹ̀yìn receiver ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà, 120V. Bàbá so gbogbo wáyà láìṣì ọ̀kan, wọ́n wá ki í bọ iná Nàìjíríà, 230V. Wọ́n ní ó dún "pọ́ọ̀", èéfín yọ. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sọ mọ́."

Ará Mókọ́lá

Ọmọ Houston, bá wa kí Bàbá gidigidi. Mo ti ra sípíkà àárín o, ó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, Center sì ti padà sí "Small". Màámi tún dé lánàá. Wọn ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí wọ́n fi bi mí pé, "Àwọn odi yẹn ńkọ́?"