Ta ló kọ́kọ́ da ilé Earnshaw rú?

Olùkọ́, Ìsánlú: Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ka Wuthering Heights, ìwé ìtàn àròsọ tí Emily Brontë tẹ̀ jáde ní ọdún 1847. A ti dé ibi tí Hindley Earnshaw, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ti lé Heathcliff, ọmọ tí bàbá náà gbà tọ́, sáàárín àwọn ìránṣẹ́, tí ó dá ẹ̀kọ́ tí àlùfáà ń kọ́ ọ dúró, tí ó sì sọ ọ́ di lébìrà inú oko. Gbogbo kíláàsì ni ó dá Hindley lẹ́bi, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bàbá wọn ni ó gbin ìjà náà. Kí ni ẹ rí sí i?

Ará Kàbà: Mo gbè yín lẹ́yìn. Baba náà fi ẹsẹ̀ rin máìlì 60 lọ sí Liverpool, ó sì rin 60 padà, lẹ́yìn tí ó ti ṣèlérí gòjé fún Hindley àti pàṣán fún Catherine, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ó tú ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdílé rẹ̀ ni ó yọ jáde, òun ni Heathcliff; gòjé ti rún wómúwómú, pàṣán sì ti sọnù. Catherine tutọ́ sí ọmọ náà, bàbá rẹ̀ sì gbá a. Níbi tiwa, ẹni tí yóò gba ọmọ ọlọ́mọ sílé a kọ́kọ́ bá ìyàwó àti ẹbí sọ ọ́.

Ará Mọ̀pà: Ẹ jọ̀wọ́, n kò gbà. Òótọ́ ni pé baba ṣe é láìtọ́, pàápàá ní ti orúkọ: orúkọ ọmọ wọn tí ó ti kú ni wọ́n fún un, òun náà ni ó fi ń ṣe orúkọ ìdílé, wọn kò fi Earnshaw kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Catherine sọ fún Nelly, ìránṣẹ́ ilé náà, pé yóò rẹ òun sílẹ̀ bí òun bá fẹ́ Heathcliff, Hindley ni ó dárúkọ pé ó rẹ ọmọ náà wálẹ̀ dé ibẹ̀. Heathcliff gbọ́ ìyẹn, ó jáde lọ, kò sì dúró gbọ́ pé Catherine fẹ́ràn òun.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rántí Hareton, ọmọ Hindley. Heathcliff padà dé pẹ̀lú owó lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3, ó ń yá Hindley lówó tẹ́tẹ́ títí ilẹ̀ fi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì wá ṣe Hareton gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ṣe òun. Wọ́n fín orúkọ Hareton Earnshaw àti ọdún 1500 sí òkè ilẹ̀kùn ilé náà. Ọmọ tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì lè kà á.

Olùkọ́, Ìsánlú: Ẹ ṣeun, mà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la.