Àbúrò mi tó jẹ́ trans ò lọ gba oògùn HIV mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Àró:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí àbúrò mi, àmọ́ obìnrin ló mọ ara ẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń múra. Ó ní HIV, ó sì ń lo oògùn ẹ̀ dáadáa títí ọjọ́ tí wọ́n pariwo orúkọ ọkùnrin tó wà lórí fáìlì ẹ̀ láàárín èrò ní ọsibítù ìjọba kan níbí, ló bá dìde tòun ti wíìgì, gbogbo ojú yí sí i, ẹnì kan ní kí wọ́n lọ pe pásítọ̀. Kò padà débẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tún ń sọ fún un pé oògùn HIV ń ba họ́mọ̀nù tó ń lò jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ẹ jọ̀ọ́, kí la lè ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ìjàpò:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti họ́mọ̀nù. Oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, tó ní dolutegravir nínú, ẹyọ kan lójúmọ́, kì í bá estrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin, jà. Efavirenz, oògùn HIV àtijọ́, ló lè dín agbára estrogen kù. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì tí wọ́n ń lò ní ìlọ́po ìlọ́po, torí ethinylestradiol inú ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Kó sọ gbogbo nǹkan tó ń lò fún dókítà. Ti orúkọ yẹn ò dáa rárá! Nọ́ńbà ló yẹ kí wọ́n máa fi pe èèyàn ní kilíníìkì HIV, ìwé pélébé lásán la fi ń ṣe é níbi tí mo wà.

Bàbá Tólú, Oǹdó:
Èmi ò fara mọ́ ìgbé ayé yẹn o, mo sọ ọ́ kedere. Àmọ́ ìtìjú ló pa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ń sá fún ọsibítù torí ẹnu ará àdúgbò títí ó fi kú. Kí ọmọ yẹn lọ gba oògùn ẹ̀ jàre, kí ẹni tó ń pe pásítọ̀ lọ jókòó síbì kan.

Alágbàka:
Ẹ ṣeun Bàbá. Ẹ wò ó, nínú ìwádìí tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2020, nínú 100 trans, nǹkan bí 29 ló ní HIV, bẹ́ẹ̀ kò pé 2 nínú 100 láàárín àgbàlagbà gbogbo ìlú. Òfin 2014 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà sẹ́ni tó ní HIV, àmọ́ ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin léèwọ̀, òun ni àwọn trans ń bẹ̀rù, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ló ń dúró dè wọ́n ní kilíníìkì. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó tó fi ń ṣèrànwọ́ fún ìtọ́jú HIV dúró lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ ya ₦4.8 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún oògùn HIV, ó dáa, ṣùgbọ́n oògùn inú sítọ́ọ̀ ò wo ẹni tí ò lè wọlé wá gbà á sàn. Ẹ ní kí wọ́n fún un ní ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kó má baà máa wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lóṣooṣù.

Ọmọ Òkè-Àró:
Ẹ ṣé gan-an ni, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ó ti pẹ́ tó ti dáwọ́ dúró, ṣé wọn ò ní bú u? Ṣé oògùn náà ṣì lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìjàpò:
Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, kòkòrò HIV kì í tètè borí dolutegravir. Wọ́n á ṣàyẹ̀wò fún un, wọ́n sì lè fún un lóògùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á ṣe viral load, àyẹ̀wò tó ń wo iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀, bí kòkòrò bá ti kéré débi tí ẹ̀rọ ò rí i mọ́ tó sì ń lo oògùn lọ, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n bá jọ ń bára wọn sùn. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìnbọ́ọ̀sì, màá sọ ọjọ́ tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kó béèrè mi ní ẹnu ọ̀nà, èmi fúnra mi á mú un wọlé.