Ológbò mi ń bu ìrù ara rẹ̀ jẹ lẹ́yìn tí ọ̀kadà tẹ̀ ẹ́ nírù

Ẹ̀yin tó ń sin ológbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀kadà ló tẹ ológbò mi nírù. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, síbẹ̀ ó ń bu ìrù ọ̀hún jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, pàápàá lóru, tí á máa ké kíkankíkan. Dókítà ẹran ní iṣan ìmọ̀lára ló bàjẹ́. Ó fún un ní gabapentin (oògùn ìrora iṣan), ó sì so kọ́là tí kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dé ìrù mọ́ ọn lọ́rùn. Bí a bá ti tú kọ́là náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. (Ẹ má dábàá parasitamọ́ọ̀lù o, májèlé ni fún ológbò.) Wọ́n ti ń sọ pé kí a gé ìrù náà. Ta ni wọ́n ti gé ti ológbò rẹ̀ rí? Ṣé ìrora náà lọ, àbí ẹsẹ̀ ni ológbò náà tún kọjú sí tó ń bù jẹ?